Medigap: òfin ní kí wọ́n gbà á, wọ́n tún dá fọ́ọ̀mù padà

Aṣojú Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin éjẹ́ǹtì ẹgbẹ́ mi. Fọ́ọ̀mù Medigap (inṣọ́ránsì tó ń san lára ohun tí Medicare, inṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, kò san) mẹ́ta ló padà wá lọ́sẹ̀ yìí láti ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kó wọn síbí kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀kan jẹ́ ti nọ́ọ̀sì ẹni ọdún 67. Ó gba Part A (ti ọsibítù) àti Part B (ti dókítà) Medicare nígbà tó pé 65, àmọ́ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inṣọ́ránsì ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń lò. Ìyẹn parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Plan N, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Medigap tí wọ́n fi lẹ́tà pè, ló fẹ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ N, àfi kó dáhùn ìbéèrè àìsàn. Wọ́n ní Plan G ló lè gbà láìdáhùn. Wọ́n wá fi kún un pé kò sí kọ́míṣọ̀n lórí G yẹn.

Èkejì, ìyá ẹni ọdún 71 tó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn. Green card rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún, Part A àti B rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Pọ́tà, ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, béèrè bóyá ó pé ẹni 65 láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. A ní rárá. Ló bá ṣí ojú-ìwé ìbéèrè àìsàn sílẹ̀ gbayawu: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọkàn, gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bàbá kan tí Medicare Advantage rẹ̀ (Medicare tó gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni) máa kúrò ní káúńtì wọn ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Lẹ́tà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. A fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kíákíá, wọ́n ní ó ti yá jù.

Ìyá Fáìlì, Maryland

Ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́fíìsì wọn fúnra wọn ti máa ń dà á rú.

Ìlẹ̀kùn méjì ni òfin ìjọba àpapọ̀ ṣí fún ẹni tí kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè àìsàn. Ọ̀kan ni oṣù mẹ́fà ìforúkọsílẹ̀ tí a ń pè ní OE (open enrollment). Ọjọ́ kìíní oṣù tí èèyàn ti pé 65 tàbí tó ti lé ní 65, tí Part B rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́, ni kíkà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Nínú oṣù mẹ́fà yẹn, èyíkéyìí tí ilé-iṣẹ́ náà bá ń tà ló lè rà, N pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣí.

Ìkejì ni GI (guaranteed issue), ẹ̀tọ́ tó ń wá nígbà tí inṣọ́ránsì kan bá bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Kò kọjá ọjọ́ 63 lẹ́yìn tí ti àtẹ̀yìnwá parí, àwọn Plan tó sì wà nínú rẹ̀ níye: A, B, D, G, K àti L fún ẹni tó pé 65 láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Fún ẹni tó ti pé 65 ṣáájú ọjọ́ yẹn, C àti F ló wà níbi tí D àti G wà. N kò sí níbẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì yín ti jẹ oṣù mẹ́fà tirẹ̀ tán láìmọ̀, torí ọjọ́ tí Part B bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọjọ́ tó fẹ̀yìntì. GI ló kù fún un. Lórí N, ilé-iṣẹ́ yẹn kò jẹ̀bi. Ọjọ́ 63 rẹ̀ yóò pé ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Àgbà Éjẹ́ǹtì, Chicago

Òótọ́ ni Ìyá Fáìlì wí, àmọ́ ọ̀fìn kan ṣì wà níwájú nọ́ọ̀sì yìí. Ohun tí gbólóhùn òfin àpapọ̀ dárúkọ ni inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tó ń san *lẹ́yìn* Medicare. Ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ ti pé 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ san fún un, kí Medicare tó tẹ̀lé e. Ọsibítù wo ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 20? Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ka òfin àpapọ̀ ní kíkà gbígbẹ lè sọ pé nọ́ọ̀sì kò ní GI kankan.

Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti fẹ òfin yẹn lójú kí ó lè gba irú rẹ̀. Àwọn kan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn tún ya ẹni tí ibi iṣẹ́ já inṣọ́ránsì rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé GI tó to ìpínlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó máa ń wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà éjẹ́ǹtì. Ìpínlẹ̀ tí oníbàárà ń gbé ni kí ẹ wò o, kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin jókòó sí. Bí ìwé ti ilé-iṣẹ́ kan kò bá gbà á, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ òmíràn, torí àwọn kan máa ń gba èèyàn kọjá ibi tí òfin fipá mú wọn dé.

Bí ẹ bá ní oníbàárà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kọjá 65 níbi tí òṣìṣẹ́ ti lé ní 20, ẹ sọ fún un kó fi Part B sílẹ̀ ná. Kò ní ìtanràn, oṣù mẹ́jọ ló ní lẹ́yìn tí iṣẹ́ tàbí inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ bá parí, èyí tó bá kọ́kọ́ parí. Tó bá fẹ́ fẹ̀yìntì, kó kọ CMS-40B, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ Part B, kí ibi iṣẹ́ sì fọwọ́ sí CMS-L564, fọ́ọ̀mù ẹ̀rí inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí Part B bá bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ni oṣù mẹ́fà OE yóò ṣí, tuntun, pẹ̀lú N àti gbogbo Plan yòókù. Éjẹ́ǹtì pẹ̀lú á gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Ọ̀dọ́ Éjẹ́ǹtì, Dallas

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kan. Kí ló dé tí a kò kàn ní mú àpótí OE fún nọ́ọ̀sì yẹn? Ẹni 67 ni, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ìkejì, tó bá jẹ́ COBRA, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tí èèyàn ń san fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ló ń lò ńkọ́?

Ìyá Fáìlì, Maryland

Àbúrò, má dán an wò. Fọ́ọ̀mù béèrè nǹkan mẹ́ta tẹ̀léra: ṣé o pé 65 láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ṣé o gba Part B láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ yẹn wà lára káàdì Medicare gan-an, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí irọ́ bá wà lórí fọ́ọ̀mù tí oníbàárà fọwọ́ sí, wọ́n lè fagi lé ìwé náà lọ́jọ́ tí owó ọsibítù ńlá bá dé. Kódà kí ọjọ́ yẹn tó dé, ìwé àṣẹ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ti COBRA: ẹni tó ti ní Part B tẹ́lẹ̀, tí COBRA rẹ̀ wá parí, GI wà fún un. Àmọ́ ẹni tó jókòó sórí COBRA láìgba Part B, ó wọ gàù. COBRA kì í ṣe inṣọ́ránsì ẹni tó ń ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́jọ ìgbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kò dúró dè é. Yóò dúró di January sí March, yóò sì san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé owó Part B fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́.

Ọmọ Olúyọ̀lé, Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìyá Ìbàdàn, torí irú rẹ̀ ló pọ̀ jù láàárín àwọn ará wa, pọ́tà kì í sì í mọ̀ wọ́n.

Ìbéèrè "ṣé o pé 65" kò ní kó so gbogbo rẹ̀ rọ̀. Ìbéèrè kejì, ti Part B, ló gbé e wọ OE: Part B rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ó ti lé ní 65, oṣù mẹ́fà rẹ̀ yóò dúró di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2026. Ohun tí pọ́tà ń ṣe ni pé ó ń fi ọjọ́ ìbí ṣírò kó tó dé ibi Part B. Lórí àwọn kan, tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà Medicare àti ọjọ́ Part B kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè ọjọ́ orí, ó máa ń tún èrò rẹ̀ pa. Bó bá ṣì tako, ẹ lo fọ́ọ̀mù bébà. Ẹ so fọ́tò káàdì mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́ sókè pé OE, kí ẹ sì fi ojú-ìwé ìbéèrè àìsàn sílẹ̀ lófìfo. *Lófìfo* ni mo wí. Tí ẹ bá dáhùn rẹ̀ nítorí ìtìjú, wọn á fi ṣe ìwádìí.

Àwọn nǹkan mìíràn tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú ìyá bẹ́ẹ̀:

Medigap kò ṣeé rà láìsí Part A. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí rí, tí kò sì lè dúró lórí iṣẹ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀, ń san Part A fúnra rẹ̀: dọ́là 518 lóṣù ní ọdún 2025 bí kọ́tà iṣẹ́ rẹ̀ (oṣù mẹ́ta-mẹ́ta) kò bá tó 30, 285 bó bá wà láàárín 30 sí 39. Part B jẹ́ 185 lọ́dún kan náà. Iṣẹ́ ọmọ tó ṣì wà láàyè kì í ran òbí tó ń jẹun lọ́wọ́ ọmọ lọ́wọ́ níbí, bó ti wù kí ọmọ ti san owó orí tó. Kí ẹ ṣírò èyí fún àwọn ọmọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ Medigap, kí wọ́n má baà já a lẹ́yìn oṣù méjì.

Ó pé 65 ṣáájú ọdún 2020, nítorí náà F wà fún un bí ilé-iṣẹ́ bá ṣì ń tà á. Pọ́tà tó bá ń fi ọjọ́ Part B ṣe ìpinnu máa ń sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́. Irọ́ ni. Àmọ́ n kò ní rọ ẹnikẹ́ni sí F nígbà tí G wà. Owó àkọ́san Part B nìkan ló yà wọ́n, dọ́là 257 lọ́dún 2025, F sì sábà máa ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ń ká mi lára jù nìyí: nínú OE, wọn kò lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ pé àwọn kò ní sanwó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lórí àìsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú. Inṣọ́ránsì tó ní tẹ́lẹ̀ ló ń dín in kù, oṣù kan fún oṣù kan, bí àlàfo tó wà láàárín kò bá ju ọjọ́ 63 lọ. Bí ìyá bá ti ń lo inṣọ́ránsì Marketplace kó tó dé Medicare, ẹ gba lẹ́tà ẹ̀rí rẹ̀ jáde, ẹ so ó mọ́ fọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ẹ wá ilé-iṣẹ́ tí kì í fi oṣù mẹ́fà yẹn dúró. Wọ́n wà.

Aṣojú Houston

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá yìí máa ń lo oṣù mẹ́rin nílé lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ ń béèrè bóyá Plan G á tẹ̀lé e dé Ìbàdàn.

Ọmọ Olúyọ̀lé, Atlanta

Fún oṣù méjì àkọ́kọ́ ìrìn-àjò nìkan, ọjọ́ 60, àti pàjáwìrì nìkan. Yóò kọ́kọ́ san dọ́là 250 lápò ara rẹ̀, wọn á san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìyókù, kò sì ní kọjá 50,000 dọ́là ní gbogbo ayé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí N. Oṣù kẹta àti ìkẹrin, kó ra ti ìrìn-àjò lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé G ń ṣiṣẹ́ ní UCH bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Houston.

Àgbà Éjẹ́ǹtì, Chicago

Mo padà wá sórí kọ́míṣọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wà.

Ilé-iṣẹ́ kò lè kọ ẹni tó wá pẹ̀lú GI. Òfin dè wọ́n lọ́wọ́. Ẹni GI ni wọ́n sì ń retí pé yóò ná wọn lówó jù, torí kò sí àyẹ̀wò kankan lórí rẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe? Èyí tí òfin kò kà léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni wọ́n di mú: wọ́n já kọ́míṣọ̀n sílẹ̀ tàbí kí wọ́n gé e sí kékeré, wọ́n yọ GI kúrò lórí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó lè jẹ́ bébà àti fax, wọ́n sì ń béèrè lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn títí ọjọ́ 63 á fi máa lọ. Wọn kò lé oníbàárà. Éjẹ́ǹtì ni wọ́n lé.

Ẹ má sì pe CMS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó Medicare, lórí èyí. Kọ́míṣọ̀n Medicare Advantage ni CMS ń fi òté lé lọ́dọọdún; ti Medigap wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Àpẹẹrẹ òfin tí àwọn kọmíṣọ́nnà inṣọ́ránsì ìpínlẹ̀ jọ kọ, NAIC, sọ pé owó ọdún kìíní kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ti ọdún kejì lọ. Ó sọ òkè, kò sọ ìsàlẹ̀. Òdo bá a mu.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n ka ìwé kọ́míṣọ̀n tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá dé, kí wọ́n wo ìlà GI àti ìlà ẹni tí kò tíì pé 65. Àyípadà máa ń wọ ibẹ̀ láìsí ariwo. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é lófẹ̀ẹ́, kó sọ fún oníbàárà lọ́jọ́ kìíní, kó kọ ọjọ́ tí 63 pé sí bébà fún un, kó sì fún un ní nọ́ńbà SHIP ìpínlẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí Medicare lọ́fẹ̀ẹ́. Kí èèyàn gba fáìlì kó sì sùn lé e lórí ni kò dára.

Ìyá Fáìlì, Maryland

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi pé tó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù OE ni ilé-iṣẹ́ ń kà sí GI, ẹ má gbà. Ẹni tó wà nínú OE tó tún ní GI lọ́wọ́ kan náà, OE ni kí ẹ mú: Plan tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù, kọ́míṣọ̀n sì pé. Ohun kan ṣoṣo tí GI fi dára jù ú lọ ni pé kò sí oṣù mẹ́fà ìdúró lórí àìsàn àtijọ́. Bí àìsàn oníbàárà bá ń gba owó ńlá lọ́wọ́, tí kò sì ní ẹ̀rí inṣọ́ránsì àtẹ̀yìnwá, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó mú àpótí.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Maryland, òfin ọjọ́ ìbí ti wà láti oṣù keje ọdún 2023. Ọjọ́ 30 lẹ́yìn ọjọ́ ìbí, ẹni tó ní Medigap lè yí lọ sí èyí tí àǹfààní rẹ̀ bá a dọ́gba tàbí tó kéré sí i, láìsí ìbéèrè àìsàn. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti ń padà: wọ́n fọwọ́ sí i kí ọjọ́ ìbí tó dé, tàbí ẹ̀rí Plan tó ń lò lọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀. Káàdì nìkan kò tó fún àwọn kan, ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà fagi lé ti àtijọ́ kí ti tuntun tó jáde.

Ọ̀dọ́ Éjẹ́ǹtì, Dallas

Ti bàbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́? Lẹ́tà ti wà lọ́wọ́, kí ló dé tó fi "yá jù"?

Àgbà Éjẹ́ǹtì, Chicago

Òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe sọ pé ẹni tí wọ́n já inṣọ́ránsì rẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó gba lẹ́tà. Àmọ́ ìwé ìtọ́sọ́nà tí Medicare ń pín fún aráàlú sọ pé ọjọ́ 60 ṣáájú ọjọ́ tó parí, ìyẹn sì ni kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀lé. Ẹ lè jà á. Àmọ́ kí ni èrè rẹ̀? Ọjọ́ 60 ṣáájú 31 oṣù kejìlá bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ìjà parí. Ọjọ́ 63 lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, àmọ́ ẹni tó bá dúró dìgbà náà á ti wà láti January lábẹ́ Medicare gbígbẹ, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó dókítà á sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún un gidigidi: kó má forúkọ sílẹ̀ nínú Advantage mìíràn nígbà tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n bá ń pariwo, láti 15 oṣù kẹwàá sí 7 oṣù kejìlá. Ẹ̀tọ́ yìí wà fún ẹni tó padà sí Medicare ti ìjọba nìkan. Tó bá ti fọwọ́ sí Advantage mìíràn lórí fóònù, GI lọ. Ìgbà ìpolówó yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìgbà Medigap, January sí March àwọn Advantage náà kì í ṣe é. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ ra Part D, inṣọ́ránsì oògùn, lọ́tọ̀ fún un pẹ̀lú. Tí December bá kọjá láìrà á, ó ṣì ní àyè di ìparí February, ṣùgbọ́n yóò ra oògùn January lápò ara rẹ̀.

Aṣojú Houston

Lẹ́tà bàbá wà lọ́wọ́ mi. Fún nọ́ọ̀sì, kí ni kí lẹ́tà ibi iṣẹ́ sọ gan-an? Èyí tí wọ́n kọ sọ pé "kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wa mọ́", wọ́n dá a padà.

Ìyá Fáìlì, Maryland

Wọ́n á dá a padà lóòótọ́. Iṣẹ́ ni lẹ́tà yẹn sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò mẹ́nu ba inṣọ́ránsì. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé olórí ibi iṣẹ́: orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lórí káàdì Medicare, pé inṣọ́ránsì ìlera ló ní, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, ìdí tó fi parí, àti bóyá ó ń san ṣáájú Medicare tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ ìparí gbọ́dọ̀ jẹ́ 31 oṣù kẹjọ. Bí wọ́n bá kọ ọjọ́ tó jáwọ́ iṣẹ́, ká ní 22, ọjọ́ 63 á fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kúrú.

Tó bá jẹ́ fax lẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà fọ́ọ̀mù sórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n máa ń pín ojú-ìwé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ tọ́jú bébà ẹ̀rí tí fax bá tẹ̀ jáde, tó ní ọjọ́ àti aago lórí. Tí wọ́n bá ní ó dé lọ́jọ́ kẹta oṣù kọkànlá, bébà yẹn ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì inṣọ́ránsì ìpínlẹ̀ yín.

Aṣojú Houston

Mo ti pe ọsibítù. Ẹni tó ń ṣe ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní òun á tún un kọ lọ́la. Ti ìyá ti lọ lórí bébà, ojú-ìwé àìsàn lófìfo.